Igbe Godzilla

Lálẹ́ àná, mo tún jókòó ti Godzilla, fíìmù ẹranko abàmì ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Japan lọ́dún 1954. Òṣèré Haruo Nakajima ló wà nínú ẹ̀wù ẹranko wíwúwo yẹn, tó ń fẹsẹ̀ tẹ àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fọwọ́ kọ́ mọ́lẹ̀. Igbe Godzilla ni mo fẹ́ràn jù! Ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi oje igi pa ni wọ́n fi ha okùn gòjé òyìnbó ńlá kí igbe náà tó jáde. Bó ṣe ké báyìí, àbúrò mi tó ní òun kì í wo fíìmù àtijọ́ gbá mi lápá mú. "Bọ̀dá mi, ẹ má tíì pa fíìmù yìí o!"

Ìgbà tí iná ń jó Tokyo, tí ìyá kan gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, omi tún bọ́ lójú mi.