Àlàfo kan ṣoṣo tó ń gbé odidi àdírẹ́sì lọ

Nínú fáìlì àdírẹ́sì Ògbómọ̀ṣọ́, ilé tí kò ní nọ́ńbà kì í wọ́n. Ẹ ní òpó mẹ́ta: ojule, adugbo, ilu. Ẹ fi str.cat ti pandas (àkójọ irinṣẹ́ Python fún tábìlì) so wọ́n pọ̀. Ìlà tí ojúlé rẹ̀ bá ṣófo, NaN (àmì àlàfo) ni gbogbo rẹ̀ máa dà, "Tákíé" àti "Ògbómọ̀ṣọ́" á bá a lọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn o, pandas kò ṣàṣìṣe. Èyí tó wá rúni lójú ni pé tí ẹ kò bá fún un ní others (àwọn òpó tó kù), tó jẹ́ òpó kan ló ń so látòkè délẹ̀, ṣe ló máa fo àlàfo náà.

Ẹlòmíì á ní ká fi na_rep="" sí i, kó fi òfìfo rọ́pò àlàfo. Ẹ ó rí ", Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́": kọ́mà ṣáájú, kò sí nǹkan níwájú rẹ̀. Bí concat_ws ti PostgreSQL (ibi ìkódàtàsí) ṣe ń ṣe ló wù mí: ó ń fo NULL, ìyẹn àlàfo, ó sì ń fo kọ́mà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lè kọ tiyín:

```python
def so_po(t, sep=", "):
    esi = pd.Series("", index=t.index, dtype="string")
    for k in t.columns:
        oro = t[k].astype("string").str.strip()
        oro = oro.replace("", pd.NA)
        esi = esi + (sep + oro).fillna("")
    return esi.str[len(sep):].replace("", pd.NA)
```

Ìlà tí fillna wà ló ṣe iṣẹ́ náà. A ti lẹ kọ́mà mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan; tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ NA (àlàfo), kọ́mà tí a lẹ̀ mọ́ ọn náà di NA, fillna á sì pa méjèèjì rẹ́. Kọ́mà àkọ́kọ́ ló ṣẹ́ kù tí a gé níparí. Ẹ má fi lstrip(sep) gé e. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú sep ni lstrip ń wá, tí sep bá jẹ́ "-", á gé dáàṣì tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

Ojúlé 12 lè jáde bíi "12.0". Kí ẹ tó pe so_po ló ti bàjẹ́: àlàfo ló mú kí read_csv sọ òpó náà di float, nọ́ńbà tó ní dẹ́símà. Ẹ kà á pẹ̀lú dtype=str, bí ọ̀rọ̀, òdo iwájú nọ́ńbà fóònù náà kò sì ní sọnù.

Tí òpó bá ti fáìlì méjì wá, ẹ kọ́kọ́ fi merge so wọ́n, èyí tó ń fi òpó tí fáìlì méjèèjì jọ ní mú ìlà bá ara wọn. Láti pandas 1.0, str.cat ń fi íńdẹ́ẹ̀sì (àmì ìdámọ̀ ìlà) to Series (òpó) méjì; tó bá jẹ́ list lẹ fún un, ipò ló ń tẹ̀lé. Kò sí èyí tó mọ ìlà tó jẹ́ ti onílé kan náà nínú méjèèjì.

Ó ku àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹnìkan tẹ "ọ" bíi lẹ́tà kan, ẹlòmíì tẹ o kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, àmọ́ drop_duplicates á kà wọ́n sí méjì. Ẹ fi .str.normalize("NFC") sẹ́yìn str.strip(), kó sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan.