Áńpù onítúùbù lábẹ́ iná Abuja: títàn, pípa, àti àpótí tó ń dá iná òjijì dúró

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: áńpù gìtá 15 wáàtì, tokunbo láti Amẹ́ríkà. Túùbù (ìgò dígí tí okùn inú rẹ̀ ń gbóná, tó ń mú ohùn gìtá tóbi) ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: EL84 méjì ló ń ti sípíkà, 12AX7 mẹ́ta wà níwájú wọn, diode ló sì ń sọ iná AC di DC. Yàrá ìdánrawò àwọn akọrin ìjọ kan ní Kubwa ni yóò máa gbé. Ohun tí à ń wá ni ìlànà títàn àti pípa tí onígìtá èyíkéyìí lè tẹ̀ lé láìsí onímọ̀ iná nítòsí, kí túùbù lè pẹ́, kí tírànsífọ́mà (wáyà tí a lọ́ mọ́ irin, tó ń yí fólítì padà) má sì jóná.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: kí iná tó dé inú rẹ̀

Àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé 120V, 50/60Hz. Ẹ má fojú fo 50 yẹn. Iná tiwa jẹ́ 230V, 50Hz, tírànsífọ́mà tí wọ́n bá sì ṣe fún 60Hz nìkan yóò máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ níbí, torí irin inú rẹ̀ kò lè gba gbogbo agbára òòfà tí 50Hz ń kó sí i. Àkọlé yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà kí owó tó jáde lápò.

Step-down (àpótí tó ń sọ iná 230V di 120V) tí a fi sí i jẹ́ 300VA. Áńpù náà kò jẹ ju nǹkan bí 70 wáàtì lọ, ṣùgbọ́n step-down kékeré a máa jẹ́ kí fólítì rẹlẹ̀ nígbà tí orin bá le. Àléébù tó léwu jù ni pé ẹnu step-down náà kò ní wáyà ilẹ̀. Okùn gìtá so mọ́ irin áńpù tààrà. Bí irin náà kò bá kan ilẹ̀, tí wáyà iná kan sì já kàn án nínú, ara olórin ni iná yóò gbà kọjá lọ sí máìkì tó wà lẹ́nu rẹ̀. A tú step-down náà, a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, a sì fa wáyà ilẹ̀ wọlé láti ara púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó dára: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ gbé míta sí óòmù, ẹ fi ẹnu kan kan ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ìkejì kan irin áńpù. Kò gbọdọ̀ ju 1 óòmù lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, sípíkà. Áńpù transistor lè wà ní títàn láìní sípíkà kó má ṣe nǹkan kan. Ti onítúùbù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbára tó dé inú tírànsífọ́mà àbájáde (èyí tó wà láàárín túùbù àti sípíkà) kò bá ríbi lọ, yóò padà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí fólítì tó ga gan-an, yóò sì lu ìbora wáyà inú rẹ̀ já. Nítorí náà, sípíkà ni a ń kọ́kọ́ so, òun náà la sì ń yọ kẹ́yìn: ihò 8 óòmù fún sípíkà 8 óòmù. Ẹ má fi wáyà gìtá ṣe wáyà sípíkà. Okùn àárín rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì lè já láàárín orin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ kejì: iná àkọ́kọ́, láti inú gílóòbù

Áńpù yìí ti sùn fún ìgbà pípẹ́. Kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú áńpù) tó bá ti pẹ́ láìrí iná, awọ tín-ín-rín inú rẹ̀ tó ń dá iná dúró á ti rẹ̀ díẹ̀. Bí fólítì ńlá bá já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè wú, ó sì lè bẹ́. A gé wáyà gbígbóná (live) ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan, a sì fi gílóòbù 100 wáàtì sáàárín rẹ̀, kí gbogbo iná tó ń lọ sínú step-down máa gba inú gílóòbù kọjá. Gílóòbù àtijọ́ tí okùn inú rẹ̀ máa ń pọ́n ni o. LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. 60 wáàtì náà dára.

Láìsí túùbù nínú áńpù, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ rí nìyẹn. Ká ní ó dúró sí mímọ́lẹ̀ yòò ni, wáyà ti kan ara wọn níbì kan nínú áńpù, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọ gílóòbù náà kúrò. A pa á, a ki túùbù bọ̀ ọ́, a tún un tàn: gílóòbù ń pọ́n díẹ̀, túùbù ń pọ́n bí ẹyín iná kékeré láàárín. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí gílóòbù tó kúrò.

Ojú túùbù ń sọ̀rọ̀. Pípọ́n okùn àárín dára. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń ṣeré lára dígí EL84 kò burú. Bí àwo irin tó yí àárín ká bá ń pọ́n, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, iná tó ń gba inú túùbù yẹn ti pọ̀ jù. Bí àbàwọ́n bíi dígí ìwojú tó wà lókè túùbù bá ti di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ọ̀rọ̀ Standby

Súwíìṣì méjì ló wà níwájú. Power ń fún okùn inú túùbù ní 6.3V, ó sì ń gbé fólítì ńlá dé ẹnu ọ̀nà. Standby ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí fólítì ńlá wọlé. Títàn: vólúùmù sí òdo, Standby ní títì, Power sókè, ẹ dúró fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ẹ ṣí Standby.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìdúró yẹn wà kí fólítì ńlá má bàa ha káátódì (apá tó ń gbóná láàárín túùbù, tó ń fi iná ránṣẹ́) nígbà tó ṣì tutù. Túùbù ńlá inú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń tàtagbà ni ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí. Fólítì áńpù gìtá kéré jù fún un. Ìdí tó wà níbí ni pé túùbù tútù kì í fa iná, fólítì á sì gòkè dé òpin. Tírànsífọ́mà yìí ń gbé 250V AC jáde. Tí ẹ bá sọ ọ́ di DC láìsí ẹrù, ó di nǹkan bí 353V. Lọ́jọ́ tí iná ilé bá lọ sí 260V, ó di 399V. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 450V, wọ́n lè gbà á mọ́ra. Kapásítọ̀ 350V kò lè gbà á. Kapásítọ̀ àkọ́kọ́, tó wà kí a tó dé Standby, ń rí fólítì yìí lọ́nàkọnà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Standby ń gbà là.

Bí áńpù yín bá ní túùbù GZ34 dípò diode, ẹ jẹ́ kí Standby wà ní ṣíṣí kí ẹ tó tan Power. GZ34 fúnra rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ó ń rọra mú fólítì wá. Ṣíṣí Standby lójijì lẹ́yìn tó ti gbóná ló máa ń mú kí iná ta nínú rẹ̀, tí fíúsì á sì lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣi Standby lò jù ni ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìyìn parí, pásítọ̀ dìde, onígìtá ti Standby, ìwàásù gba wákàtí kan àtààbọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, káátódì ń gbóná, kò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ipele kan máa ń hù sí i lára tó ń dínà iná, túùbù á sì di aláìlágbára kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ìsinmi bá ju 20 ìṣẹ́jú lọ, ẹ pa Power pátápátá, tàbí kí ẹ fi Standby sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí vólúùmù wà ní òdo.

Pípa: vólúùmù sí òdo, Power wálẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan Standby. Túùbù tó ṣì gbóná yóò fa iná inú kapásítọ̀ tán fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti Standby ti há iná mọ́ inú kapásítọ̀ àkọ́kọ́, níbi tí kò ti ríbi jáde. Ó lè pa ẹni tó bá ṣí áńpù lẹ́yìn náà. A jó rẹsítọ̀ 220kΩ, 2 wáàtì, mọ́ etí méjèèjì kapásítọ̀ yẹn, tó jẹ́ 47µF. Ó ń jẹ kò tó 0.6 wáàtì, ó sì ń tú iná náà dànù láàárín ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ẹ fi míta wò ó kí ọwọ́ tó wọlé: kò gbọdọ̀ ju 20V lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù fún 15 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e sí but ọkọ̀, torí pé okùn gbígbóná kò fẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti karùn-ún: nígbà tí iná bá dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni

Gbogbo ìlànà òkè yìí di asán bí NEPA bá mú iná lọ láàárín orin, tí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Power wà lókè, Standby wà ní ṣíṣí, túùbù ti tutù, sípíkà lè ti kúrò lẹ́nu ihò, iná tó ń padà bọ̀ sì lè kọ́kọ́ ga sókè kó tó balẹ̀. Ìránnilétí lẹ́nu kò tó. Ó nílò ohun tí kò ní jẹ́ kí iná wọlé àfi bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì.

Ohun tó wà nínú àpótí náà: rílè (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń fà) kan tí kọ́ìlì rẹ̀, wáyà lílọ́ tó ń fà á, jẹ́ 230V AC, ẹlẹ́sẹ̀ 8, ẹnu méjì, 10A, pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tó ń so iná pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnì pupa tó ń gé e, wáyà onímẹ́ta 1.5mm² mítà méjì, púlọ́ọ̀gì tí a fi fíúsì 5A sí dípò 13A, àpótí oníke. Wáyà gbígbóná kọ́kọ́ gba inú pupa, ó lọ sí ewé, láti ibẹ̀ sí kọ́ìlì, kọ́ìlì sì padà sí wáyà tútù (neutral). Ẹnu àkọ́kọ́ rílè, èyí tó máa ń ṣí sílẹ̀ bí kò bá síná, la so mọ́ etí méjèèjì bọ́tìnì ewé. Ẹ tẹ ewé, rílè á fà, ẹnu yẹn á sì máa di kọ́ìlì mú lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò. Ẹnu kejì ló ń gbé iná lọ sí step-down. Wáyà ilẹ̀ kọjá tààrà, kò gba inú súwíìṣì kankan.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a so ó, rílè ń ké gbrrr bí ẹyẹ tí okùn mú. Ẹsẹ̀ tó máa ń pa dé nígbà tí kò síná la ti so mọ́ kọ́ìlì, tó fi jẹ́ pé bó bá ti fà ló ń gé iná ara rẹ̀. A yí i sí ẹsẹ̀ kejì, ariwo parí.

Àpótí yìí kò lè gba áńpù lọ́wọ́ iná tó rẹlẹ̀. Rílè AC lè di ara rẹ̀ mú dé ìsàlẹ̀ gan-an. Nígbà tí iná ilé bá sì jẹ́ 180V, okùn túùbù ń rí 4.9V péré, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kó wà láàárín 5.7V sí 6.9V. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ fíríìjì, èyí tó ń gé iná tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, la fi síwájú rẹ̀. Sitabiláísà náà dára.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: jẹnẹrétọ̀, ìnfátà, ọyẹ́

Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ewé, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀ nígbà tí áńpù ń ṣiṣẹ́. Kí epo tó tán, ẹ́ńjìnì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sọ̀ gòkè, fólítì á sì máa bá a jó. Ìnfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave. Èyí tó kù ń mú kí tírànsífọ́mà gbóná, ó sì ń jẹ́ kí áńpù máa kùn.

Eruku ọyẹ́ ti wọ ìjókòó túùbù, ó ń ta pàràpàrà. Nígbà tí áńpù tutù, a fi aṣọ mú túùbù kọ̀ọ̀kan, a rọra fà á jáde, a tì í wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ EL84 máa ń tẹ̀ bí a bá ń yí i. Òkè tààrà ni kí ẹ máa fà á sí. Ẹ fi àyè bí 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lẹ́yìn áńpù, kí kọ́tìnnì má sì kàn án.

Ó ku ìdánrawò wákàtí méjì ní kíkún, kí a máa fọwọ́ kan step-down ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, 500VA ni yóò gba ipò rẹ̀.