Bíréèkì ẹ̀yìn Samurai: apá òsì ti gbà, apá ọ̀tún ò tíì gbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bíréèkì dírọ́ọ̀mù (èyí tó wà nínú irin tó dà bí ìkòkò) ni mo ń yọ kúrò lẹ́yìn jíìpù Suzuki Samurai yìí, mo sì ń fi ti dísìkì (àwo irin tó ń bá táyà yí) rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ọ́ìlì bíréèkì bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Apá òsì ti parí: dísìkì wọlé, kálípà, irin tó ń ti pádì mọ́ dísìkì, jókòó, pádì méjèèjì gbá dísìkì mú dọ́gba. Mo fi ọwọ́ yí i, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Páìpù kékeré tó gba ara ásù (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) náà ti wà ní ipò rẹ̀. Apá ọ̀tún ló gba gbogbo ọ̀sán Sátidé lọ́wọ́ mi.

Dísìkì iwájú Samurai náà ni mo fi sẹ́yìn, ẹ rántí, kálípà sì jẹ́ ti ẹ̀yìn Golf tòkunbọ̀, torí pé ó ní apá hándìbíréèkì lára. Dísìkì náà nípọn tó mílímítà 10, ìyẹn sì bá kálípà náà mu láìgé ohunkóhun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́tùn-ún nìyí. Bí mo bá ti di bóòtù kálípà tán, tí mo yí dísìkì, á máa ha. Mo kọ́kọ́ rò pé dísìkì ló wọ́, torí tòkunbọ̀ ni òun náà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sí etí rẹ̀, mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé dísìkì ló wọ́, híha náà ì bá máa bá ilà yẹn lọ: ilà dé ibi pádì, á ha, ilà kọjá, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ilà wà, kò dákẹ́, ìsàlẹ̀ pádì inú ló sì ti ń wá. Ọwọ́ dísìkì mọ́. Bírákẹ́ẹ̀tì, irin tó gbé kálípà dúró, ló fà á.

Mo yọ pádì náà wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń dán, òkè rẹ̀ ṣì ní eruku tó bá a jáde láti inú páálí. Mo dá a padà, mo ki àwọn irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ bọ àárín òun àti dísìkì: lókè, mílímítà 0.6 wọlé láìsí wàhálà; nísàlẹ̀, èyí tó tín-ín-rín jù lọ nínú gbogbo wọn ò wọlé.

Bírákẹ́ẹ̀tì yìí, àwo kan ni tó dì mọ́ ẹnu ásù níbi tí àwo ẹ̀yìn dírọ́ọ̀mù wà tẹ́lẹ̀, wẹ́dà sì jó etí méjì mọ́ ọn tí kálípà ń dì mọ́. Irin tí a bá jó máa ń súnkì bí ojú ibi tí a jó ṣe ń tutù, á sì fa etí náà mọ́ra. Lápá òsì, wẹ́dà ráàyè jó iwájú àti ẹ̀yìn etí, wọ́n fa ara wọn dọ́gba. Lọ́tùn-ún, ojú kan ni iná wọ̀ dáadáa, ojú yẹn ló sì fa gbogbo rẹ̀.

Mo dán wọ́ṣà tín-ín-rín wò lábẹ́ bóòtù ìsàlẹ̀. Híha náà dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí bóòtù ò jókòó pẹrẹsẹ mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi fara tì. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bóòtù méjì yẹn ló ń di kálípà mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì tí dísìkì fẹ́ gbé e yí lọ. N ò lè fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lé bóòtù tó fi ẹ̀gbẹ́ dúró.

Ni mo bá gbé bírákẹ́ẹ̀tì náà lọ bá Bàbá tó ń yí irin lójú ọ̀nà Ṣágámù. Wọ́n gbé e lé orí àwo pẹrẹsẹ wọn, wọ́n fi ìka kan tẹ etí rẹ̀, ó ń mì. “Ọmọ mi, iná ti fà á. Má wulẹ̀ lù ú. Lọ wá irin tó nípọn wá, ká gé gbogbo rẹ̀ lára ẹyọ kan.”

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí, èrò mi ni pé kí wẹ́dà gé etí yẹn kúrò, kó tún un jó. Mo ti yí i padà: ẹyọ irin kan ni màá lò, mílímítà 12, láìjó ohunkóhun mọ́ ọn. Bí èyí bá sì dára, màá ṣe ti òsì náà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ha.

Ọjà irin Owódé Onírin ni mo ti máa wá a. Ẹ mú rúlà irin dání tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, kí ẹ gbé e dúró lórí irin tí wọ́n bá ń tà fún yín, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Irin tó ti tẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ sì má gba irin sípíríńgì ọkọ̀ ńlá, bó ti wù kó nípọn tó. Líle rẹ̀ á jẹ ẹnu bíìtì yín tán kó tó lu ihò kan. Ní ti kálípà Golf, ẹni tó bá fẹ́ rà á kó yí písítìnì rẹ̀ (irin inú rẹ̀ tó ń ti pádì) wò níṣojú ẹni tó ń tà á. Yíyí là ń yí i wọlé sí ọwọ́ ọ̀tún bí a ṣe ń tì í. Ẹni tó bá fi kíláàmù tẹ̀ ẹ́ nìkan á ba hándìbíréèkì inú rẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe fẹ́ gé tuntun yìí, mo láǹfààní láti tún ipò kálípà ṣe. Apá hándìbíréèkì ń fẹ́ kan ẹnu bóòtù tó di sípíríńgì mọ́ ásù. Mo rò ó pé kí n gbé kálípà wá síwájú ásù. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde gbọ́dọ̀ wà lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pẹ́dàlì á máa rọ̀ títí láé, nítorí náà ti òsì á lọ sọ́tùn-ún, ti ọ̀tún á wá sósì. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé apá hándìbíréèkì náà á yí padà, ẹ̀yìn ni okùn á ti máa fà á, bẹ́ẹ̀ iwájú ni okùn ti ń bọ̀. Kí kálípà kúkú dúró sẹ́yìn, àmọ́ kí n gbé e sókè díẹ̀. Ásù àti bóòtù sípíríńgì jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ ni, àyè tó gba ìka kan ti tó láàárín wọn.

Àbúrò mi kan ní kí n fi dírọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó kúkú ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti la omi kọjá lójú ọ̀nà Ìtòkín nígbà òjò mọ̀ ọ́n. Omi àti yanrìn á kó sínú dírọ́ọ̀mù, o tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn ò dáhùn. Dísìkì á gbọn omi rẹ̀ dànù bó ṣe ń yí.

Tí ọ̀tún bá ti gbà, ó ku másítà, èyí tó ń ti ọ́ìlì sínú páìpù bí a bá tẹ pẹ́dàlì. Àwọn kan tí wọ́n ṣe fún dírọ́ọ̀mù máa ń ní fáàfù kékeré tó ń di agbára ọ́ìlì díẹ̀, nǹkan bíi psi 10, mú sínú páìpù, ìyẹn á sì jẹ́ kí pádì máa fara kan dísìkì. Màá tú u wò. Lẹ́yìn náà màá dán bíréèkì wò lórí pápá iyanrìn kí n tó gbé e sí títì, torí táyà ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ dì ṣáájú ti iwájú.

Ẹni tó bá ti de kálípà Golf mọ́ Samurai rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni okùn hándìbíréèkì tiyín ṣe gùn tó? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò dé apá ọ̀tún.