Ta ló máa fowó kún owó torí àyíká? Jámánì àti Ìlọrin

Àwọn èèyàn wa nílé máa ń sọ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn àyíká débi pé iye yòówù tí wọ́n bá pe ọjà, tí wọ́n bá ṣáà ti kọ "Bio" sára ẹ̀, ìyẹn ni pé wọn ò fi ajílẹ̀ àti oògùn oníkẹ́míkà gbìn ín, wọ́n á rà á. Jámánì ni mò ń gbé, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo ẹyin. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sára ẹyin níbí, 0 ni ti bio, 1 ni ti adìẹ tó ń jẹ̀ níta, 2 ni ti adìẹ tó wà nínú ilé tí kò sí ní kéèjì, 3 ni ti inú kéèjì. Tí ẹ bá dúró sídìí pẹpẹ ẹyin díẹ̀, ẹ máa rí i pé 2 ni ọ̀pọ̀ ń kó, torí ti bio wọ́n. Ní 2022 tí ogun Ukraine jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbówó lórí, owó tí wọ́n ń ná sórí oúnjẹ bio lọ sílẹ̀ ní gbogbo Jámánì, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀bù bio tẹ́lẹ̀ bọ́ sí Aldi àti Lidl, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tí ọjà wọn ò wọ́n. Owó oṣù tiwọn náà lópin.

Ohun tó mú wọn tọ́jú ike ni Pfand, owó ìdógò orí ike. Tẹ́ ẹ bá ra omi oníke àbí mínírà inú agolo, 25 sẹ́ǹtì ti wà lórí ẹ̀, ẹ máa dá ike yẹn padà sẹ́nu ẹ̀rọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó rí owó yín gbà. Láti 2003 nìyẹn, ike kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tẹ́nu á ti ṣà á.

Ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n nílé! Nígbà tó jẹ́ ìgò ni mínírà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé ẹ máa mú ìgò òfìfo wá àbí kẹ́ ẹ fowó ìgò sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá onímínírà, kò sẹ́ni tó ń ju ìgò sí gọ́tà. Ìgbà tí ike dé ni wàhálà dé.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni ti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ní Ìlọrin ti inú ewé wọ́n ju ti inú ọ̀rá lọ, torí ẹni tó ń sè é máa ra ewé, á fọ̀ ọ́, á tún ṣẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá ò ní gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ àwọn tó ń fowó kún un pọ̀, nítorí òórùn ewé àti adùn ẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí àyíká, ewé yẹn á sì jẹrà tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀. Àmọ́ ìyá tó ní ọmọ márùn-ún tó ń wá oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀rá ló máa rà, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni bá a wí.

Sólà náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tí epo mọ́tò kúrò ní nǹkan bí 190 náírà tó fò kọjá 500, kó tó wá kọjá 1,000, ni àwọn tó lówó ní GRA àti Tánkẹ̀ ní Ìlọrin túbọ̀ ń gbé sólà sórí òrùlé. Owó jẹnẹrétọ̀ ló sú wọn.

Torí náà kí ìjọba Kwara má wulẹ̀ máa wàásù fún aráàlú lórí rédíò nìkan. Jámánì ti fi sínú òfin láti 1991 pé iléeṣẹ́ tó ń di ọjà sínú ike àti páálí ló máa gbé ẹrù kíkó wọn padà. Kí àwọn tó ń ṣe omi oníke àti píọ́ wọ́tà náà máa san tiwọn, kí owó díẹ̀ wà lórí ike kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá dá a padà. Àwọn tó ń ṣa ike tà ní kílò ti wà ní Ìlọrin, oòrùn ń pa wọ́n, owó tí wọ́n ń rí ò tó nǹkan, àwọn ni kó kọ́kọ́ jẹ ńbẹ̀.