Kí ẹ tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́

Bí ẹ bá ń wá ọ̀gá fún ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ wo bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ wò ó bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé aṣọ tó rán tán wá bá a.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, lójú ọ̀nà ọjà Wàńdó. Bí o bá gbé bùbá fún ìyá ọ̀gá wa, kò ní wo ọrùn, kò ní wo apá. Yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò fi èékánná fa ojú ibi tí o rán láti abíyá dé ìdí. Bó bá rí i pé ó wọ́, abẹ ló máa nà sí ọ: "Tú u." Kò ní pariwo, kò ní bú bàbá ẹnikẹ́ni. Wàá tú u, wàá tún un rán, á tún yí i wò. Mo mọ àwọn ọ̀gá tó jẹ́ pé ìgbájú ni wọ́n fi ń kọ́ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìgbájú dáadáa.

Kó tó di pé ìyá ọ̀gá jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, orí ìwé ni mo wà. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́, ojú ewé kan tí a ya nínú kàyé: kí abẹ́rẹ́ máa lu ihò lórí ìlà náà láìyà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ á yí sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí òwú bá sì wà níbẹ̀, á já. Ó sú mi gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí kakí àwọn ọmọ iléèwé dé ní oṣù September, tí ìyá ọ̀gá lọ síbi òkú ní Kétu, èmi fúnra mi ni mo ń yí aṣọ síta wò. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é.

Ti owó, ìyá kan tó ń ta gàrí ní Wàńdó ló kọ́ mi. Ó ní kí n dá àjọ nínú owó bọ́tìnnì tí mò ń kàn. Bí o bá ń dá 200 sẹ́fà lójúmọ́ fún 30 ọjọ́, 6.000 ni; alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, wàá gba 5.800. Àárọ̀ ni kí n máa san án, ó ní owó àárọ̀ kò tíì mọ ẹni tó máa ná òun. Lọ́jọ́ ọjà, á ní kí n mú káàdì wá kí òun rí i. Káàdì yẹn ló di ẹ̀rọ mi.

Kí ọmọ yín ṣe ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba Benin gbé kalẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, ó dára. Ìwé náà kò ní jí i láàárọ̀ ṣá.

Ẹni tó ti di ọ̀gá ara rẹ̀ ńkọ́? Kó wá ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kò ní tijú rẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe máa ń fi ìwé owó han ara wa lálẹ́ ọjọ́ Sunday. A ti bá ara wa jà lórí rẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí ìdí tí mo fi kó àǹkárá láwìn. Mi ò tíì dá a lóhùn.