Ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe, tó wá dárúkọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyá rí ẹ̀jẹ̀ lára pátá ọmọ, ó fa pàṣán yọ, ó ní: "Àbí bọ̀dá fọkanáísà yẹn ni?" Ọmọ wo ojú yíká. Ẹni tó ṣe é gan-an jókòó síbẹ̀. Òun ló ń san owó ilé, òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé. Ọmọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Pàṣán dúró.

Wọ́n fipá bá ọmọ náà lòpọ̀ lóòótọ́. Orúkọ nìkan ni irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa àgbà la sì fi í sí i lẹ́nu. Nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ náà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá, á dé ọ̀dọ̀ àǹtí, á dé ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, á dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí áfáà. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi nǹkan kún un: "Ṣé ó fún ẹ ní bisikíìtì?" Ọmọ á gbà. Kí wọ́n tó dé tèṣọ́n, ọ̀rọ̀ ti já geere, àwọn èèyàn á ní òpùrọ́ ò lè sọ ọ́ báyìí. Rárá o. Àsọtúnsọ ló ń mú un dán. Èyí tó dunni jù ni ọjọ́ tí ọmọ bá wá jẹ́wọ́ pé kì í ṣe bọ̀dá yẹn. Wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìwà ìkà tí wọ́n hù sí i á sì bá orúkọ náà lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó bi ọmọ léèrè, ẹni tí ọmọ ò bẹ̀rù, kí gbogbo ará ilé yòókù jáde. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Ó tó. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Bó bá ní òun ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé ló lò, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ má tíì wẹ ọmọ. Aṣọ tó wà lára rẹ̀, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ fi sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, torí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́.

Ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó. Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Ẹ jáde ní ìdájí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 tó dí yín lọ́nà.

Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láyè láti jẹ́rìí láì búra, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan dá èèyàn lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Aṣọ inú bébà yẹn wúlò ju ariwo àdúgbò lọ. Ìkòròdú sì mọ ibi tí ariwo ń já sí: nígbà Badoo, ẹgbẹ́ apààyàn tó ń da àdúgbò náà láàmú, ní 2017, ìbẹ̀rù mú kí àwọn èèyàn lu aláìṣẹ̀ pa. Orúkọ tí ọmọ bá dá, tèṣọ́n àti DSVA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ojú títì.

Bí ọmọ bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má nà án. Ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀: bí kì í bá ṣe fọkanáísà, ta ni? Kó tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ ti sùn níbòmíràn, lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá, kó mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀la ò sí lọ́wọ́ ẹni tí òun ń bẹ̀rù. Ẹ bá ìyá náà wá owó ilé oṣù mélòó kan pẹ̀lú. Àwọn ìyá kan ti fura sí ọkùnrin inú ilé tipẹ́, àmọ́ wọn ò níbi tí wọ́n á kó ọmọ lọ. Ìdí tí orúkọ ẹlòmíràn fi yára dé ẹnu wọn nìyẹn.