Ogún Ìṣẹ́jú Péré

Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi kí n tó jáde nìyẹn: "Ogún ìṣẹ́jú péré." Fídíò àtúnṣe ọkọ̀ tí mo wò lórí YouTube kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ. Mo fi 14 kún un torí pé mi ò ṣe é rí.

Ní Chicago níbí, bí omi bá dà sílẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní, dídì ló ń dì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé yẹn, omi kan wà lábẹ́ ọkọ̀ mi tó kọ̀ tí kò dì, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi Fanta. Kúláǹtì ni, omi tó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì rí ibi tó ti ń jò: ike kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ, tó so hóòsì hítà (ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru) mọ́ páìpù tó wọ inú ọkọ̀ lọ. Dọ́là 14 ni tuntun rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò ní dọ́là 180 lòun máa gbà kóun tó pààrọ̀ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ìbàdàn, torí ike?

Ẹni inú fídíò fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ike náà, ó fà á, ó bọ́ bí ìgbà téèyàn ń ṣí fìlà. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, mo fà á. Kò mira. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà, mo wá ń fà á bí ẹni ń fa àgbò iléyá tó ti mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Mo bá gbọ́ "pàù!"

(Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ ti hóòsì yẹn síwájú, kí ike lè tú ọwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fà á. Ọkùnrin inú fídíò ṣe é o. Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń fo ìpolówó ọjà.)

Ike tó ti ń jẹ ooru ẹ́ńjìnì fún ọdún 11, tí òtútù tún wá mú láàárọ̀ yẹn, ó rún bí ìpékeré. Ìdajì bá hóòsì wá sí mi lọ́wọ́, kúláǹtì sì fọ́n sí mi lójú, sí irùngbọ̀n. Ó dùn. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé ẹnu mi là sílẹ̀ nígbà náà. Májèlé ni, mo tutọ́ títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi, mo sì sáré da iyanrìn lé èyí tó kù nílẹ̀ kí ajá aládùúgbò má baà wá lá a.

Ìdajì kejì ò kúrò lára páìpù. Alúmíníọ̀mù rírọ̀ ni páìpù ọ̀hún, inú rédíétọ̀ kékeré ti hítà, tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ló ti wá. Mo fi sukudíráfà gbẹ́ ike náà, mo lọ jí ọ̀bẹ ìgéran ìyàwó mi, ike náà ò gbọ́. Mo wá fi ẹ̀mú dì í, mo lọ́ ọ. Ike já bọ́ lóòótọ́. Ọrùn páìpù náà sì yẹ̀ bí ọrùn adìẹ Kérésìmesì. Ike tuntun ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ìyàwó mi yọjú. Ó ti wọ aṣọ ẹbí, ó ti wé gèlè. "Bàbá Táyọ̀, ogún ìṣẹ́jú dà?" Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin ni ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn aago mẹ́fà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Mo pe mẹkáníìkì mi àtijọ́ ní Mọ́kọ́lá. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sì gbé e. Ó wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ó pòṣé.

"Ọ̀gá mi, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń mí hẹlẹ? Hóòsì méjèèjì tó ti ẹ́ńjìnì wá, ẹ fi páìpù kékeré kan so wọ́n mọ́ra wọn, kẹ́ ẹ dì í pinpin. Ẹ gbàgbé hítà. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn níbí nìyẹn. Ta ló ń lo hítà?"

Mo ṣe é. Mo bu kúláǹtì àti omi sí i, ìdajì ìdajì, mo tan ọkọ̀. Kò jò! Mo pe ìyàwó mi wá wò ó, mo ń yan.

A ò tíì dé títì márosẹ̀ tí mo fi rántí ẹni tó ń lo hítà. Òtútù ìta jẹ́ −12°C, tinú ọkọ̀ náà sì ń bọ̀ wá bá a. A ò bá fara da ìyẹn, ṣùgbọ́n èémí wa ń di ìrì sára gíláàsì iwájú, hítà yẹn kan náà ló sì máa ń gbẹ ẹ́. Mi ò ríran mọ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi nù ún."

"Kí ni kí n fi nù ún?"

Àwa méjèèjì jọ wo ìpèlé èjìká rẹ̀.

Ó nù ún títí a fi débẹ̀, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé ìpèlé rẹ̀ ńkọ́, ètè ló fi júwe mi. (Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n tú kalẹ̀. Ẹ má béèrè iye.)

Ọkùnrin kan fà mọ́ mi níbi tí mo jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe fúnra yín. Tèmi náà ti ń jò láti ìjẹta."

Mo wo ojú ìyàwó mi. Mo ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì rẹ̀ ná.